Ẹ̀gbà Ìyá

Ẹ̀gbà náà bu Ìbídùn jẹ. Kò tíì pa ẹnu dé tán lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ mẹ́rin fi yọ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì wọ ẹran ara. Ó fà á, kò jáde. Ó tún fà á, awọ bá a jáde. Ẹ̀jẹ̀ ta sára kàbà funfun tí Ṣèyí máa wọ̀ lọ sí mùsíọ́mù lọ́la, kàbà tí Ìbídùn ti ń fi áyọ́ọ̀nù lọ láti òwúrọ̀ nítorí ìwé ìpè sọ pé aṣọ tó bá rún kò gbọ́dọ̀ wọlé.

"Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ yín," Ṣèyí wí.

"Mo rí i. Bá mi mú àkísà wá."

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín dáadáa, Ìbídùn ló bí Ṣèyí. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi gbé e, ọjọ́ méjì ló sì fi rọbí nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó wọn sá lọ́dún tí òkun gba Èkó. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé nígbà náà ló ń pè é ní Àǹtí. Ẹ sì mọ ọmọdé, ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ. Ọjọ́ tí Ṣèyí kọ́kọ́ la ẹnu, ó ní "Àǹtí," gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ó sì di bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè ní Mọ̀ọ́mi, òun náà ni Ṣèyí ń pè ní Mọ̀ọ́mi. Ta ni kò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí? Kò sí ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn máa di wàhálà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti fi ń múra ìrìn yìí. Ilé Ẹ̀dá ni orúkọ tí ìjọba sọ ọ́, mùsíọ́mù ni àwa ń pè é: ilé ńlá tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ní ẹ̀yìn Ṣakí, tí wọ́n kó ẹ̀rọ àtijọ́ àti gbogbo ẹranko tó ti tán láyé sí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìdílé kan ń lọ. Ọmọ tí kò bá wọ ibẹ̀ kó tó pé ọdún méjìlá, kò sí ilé-ìwé tó máa gbà á. Kòtò bátìrì ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fún ayé. Bàbá Ṣèyí wọ kòtò yẹn lọ́dún kẹta tí wọ́n dé Ṣakí. Bàtà rẹ̀ ni wọ́n dá padà, ti ẹsẹ̀ òsì nìkan. Ọjọ́bọ̀ ni ìpè wọn, Ṣèyí á sì pé méjìlá lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi fi nǹkan kan ṣeré. Láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, Mọ̀ọ́mi jókòó sí ìdí tábìlì, ó fi jígí sójú, ó ń ka òfin mùsíọ́mù sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé."

"Kí ló dé, Mọ̀ọ́mi?" Ṣèyí bi í.

"Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú igi ibẹ̀ ni. Bó bá ti rí àwọ̀ ewé, ẹ̀ka tó yẹ kóun gé ló máa pè é."

"Ṣé ó ti gé èèyàn rí?"

"Apá ìyàwó Alága. Láti èjìká." Mọ̀ọ́mi ṣí ìwé sí òdìkejì. "Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ olóòórùn dání. Iṣu bíbọ̀ lẹ máa gbé. Iṣu bíbọ̀ kò lóòórùn, àfi bí Àǹtí rẹ bá tún jẹ́ kó jóná."

"Mọ̀ọ́mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iṣu jóná lọ́wọ́ mi," Ìbídùn wí láti ìdí áyọ́ọ̀nù, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo jẹ ẹ́, Ìyàwó. Ó ṣì wà ní ikùn mi."

Etí gbọ́ ìyẹn náà. Lára ògiri pálọ̀ ló wà, ohun funfun roboto kan tó rí bí ìkarahun ìgbín. Gbogbo ilé ní Ṣakí ló ní ọ̀kan. Àwọn bàbá wa ló máa ń sọ pé ògiri létí. Wọn kò mọ̀ pé ìjọba ń gbọ́. Ohun tí ẹ bá ń pe ara yín nínú ilé, òun ni Etí ń kọ sílẹ̀ pé ẹ jẹ́ sí ara yín. Kò sí ìwé mìíràn. Ṣèyí kò ní ìwé ìbí, torí inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí i sí. Wọ́n tiẹ̀ ti fi ẹ̀jẹ̀ wádìí ìbátan àwọn èèyàn rí, àwọn olówó sì ń ra ẹ̀jẹ̀, ni ìjọba bá ní bí èèyàn ṣe ń pe ara wọn nínú ilé ni kò ṣeé rà. Níta, àwọn ará àdúgbò ń pe Ìbídùn ní Ìyá Ṣèyí, ṣùgbọ́n Etí kì í gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ níta, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin kò gbà kí aládùúgbò wọlé.

"Bẹ́ ẹ bá dé ibi tí àwọn ẹyẹ wà," Mọ̀ọ́mi wí, "kẹ́ ẹ bá mi wo àparò. Bákan náà ni gbogbo àparò ga, àfi èyí tó bá gun orí ebè."

"Kí ni ebè, Mọ̀ọ́mi?"

Mọ̀ọ́mi ní bó bá rí àparò, á rí ebè, torí orí ẹ̀ ló máa dúró sí.

Ẹ̀gbà méjì ló bá ìwé ìpè wá. Wọ́n kọ ỌMỌ sára ọ̀kan, wọ́n kọ ÌYÁ sára èkejì. Wọ́n ti rò pé ìjọba kò ka ìyá àgbà mọ́ ìdílé ni. Mọ̀ọ́mi ní kò burú, òun ti rí ẹranko púpọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ṣèyí fi tirẹ̀ sọ́wọ́, ó pa ẹnu dé jẹ́jẹ́, iná búlúù tàn lára rẹ̀. Ìbídùn fi ti ìyá sọ́wọ́. Ẹ ti mọ ohun tó ṣe.

"Ó lè jẹ́ pé ó kéré jù," Mọ̀ọ́mi wí bí Ìbídùn ṣe ń fi àkísà di ọwọ́. Ó mú ẹ̀gbà náà nílẹ̀, ó nu ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó sì gbé e sọ́wọ́ ara rẹ̀ láti fi wọ̀n. Ẹ̀gbà náà pa ẹnu dé jẹ́jẹ́. Iná búlúù tàn.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," Etí wí láti ara ògiri. Ohùn rẹ̀ tutù, ó mọ́. "Ẹlòmíràn ti gbìyànjú láti jí ipò yín. Ẹ má bẹ̀rù. Àwọn Agbálẹ̀ ń bọ̀."

Áyọ́ọ̀nù ń jó orí kàbà, kò sí ẹni tó gbé e. Ojú Mọ̀ọ́mi wà lára iná búlúù tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti bọ́ ọ, kò bọ́.

"Ìyàwó," ó wí, "kí ni mo ṣe yìí?"

"Ẹ kò ṣe nǹkan kan, Mọ̀ọ́mi." Ìbídùn gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

Àwọn Agbálẹ̀ ìjọba kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbá a, ilẹ̀kùn bọ́ kúrò lára férémù, ó sì ṣubú lu àga. Àwọn méjì ló wọlé. Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Oyèkànmí, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí kátà ń bá jà, tó fi kóńdó sọ́wọ́ ọ̀tún, tó fi áńkáṣíìfù sọ́wọ́ òsì. Obìnrin tó tẹ̀ lé e kò sọ̀rọ̀. Ìbọn ló gbé dání, ó sì dúró sí ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀.

"Ta ni ń jẹ́ Ìyàwó níbí?" Oyèkànmí béèrè. "Orúkọ, Ìyàwó. Ipò, Àǹtí. Àlejò tí kò níwèé, ó ti tó ọdún méjìlá."

Etí ti gbọ́ tí Mọ̀ọ́mi ń pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní Ìyàwó, ó sì rò pé orúkọ rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, wọn ì bá rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi dùn wọ́n.

Ìbídùn kúnlẹ̀. "Èmi ni, sà. Àṣìṣe ni, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo bí ọmọ yìí."

Oyèkànmí gbá a ní kóńdó léjìká. Ìbídùn wó lulẹ̀, orí rẹ̀ sì gbá ẹsẹ̀ tábìlì. Ṣèyí ké. Obìnrin oníbọn yí ẹnu ìbọn sí i, ó dákẹ́.

"Èmi ò bínú sí ọ," Oyèkànmí wí, ó fọn imú. "Mo fẹ́ kó o dákẹ́ ni. Etí máa ń forí jini lẹ́ẹ̀kan. Bó o bá tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ, ó di ẹjọ́ nìyẹn. Ẹjọ́ ohùn sì ń gba oṣù mẹ́rin, a ó gba ẹ̀gbà méjèèjì títí wọ́n á fi dá a. Ọjọ́ wo ni ọmọ yìí máa pé méjìlá?"

"Jímọ̀," Mọ̀ọ́mi wí.

"Ẹ ti gbọ́, Màmá. Ó lè jàre ẹjọ́ náà o. Mo ti rí ẹni tó jàre. Wọ́n fún un níwèé pé òun ni ìyá, ọmọ ti wà ní kòtò nígbà yẹn."

"Bí kò bá tún un sọ ńkọ́?"

"Àlejò tó fẹ́ jí ipò ni. Òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ sí kòtò. Ọmọ á lọ wo ẹranko rẹ̀ lọ́la."

Ìbídùn wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú rẹ̀ kan. Ó rí bàtà òsì ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àga, níbi tí wọ́n gbé e sí láti ọdún yẹn. Kò sí ohun tó fẹ́ láyé bí i pé kí ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Èmi ni mo bí i. Gbólóhùn kékeré. Ọdún méjìlá ni kò fi sọ ọ́ nínú ilé ara rẹ̀, torí kò sí ẹni tó bi í, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà máa pa ọmọ náà ló tó ń wu ahọ́n rẹ̀ láti sọ.

"Àǹtí ni mí," ó wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Oyèkànmí yíjú sí Ṣèyí. "Ẹnu ọmọ ló kù, òfin ní kó jẹ́rìí. Ọmọ, ta ni obìnrin yìí sí ẹ?"

Ojoojúmọ́ ayé ni Ṣèyí ti ń pe obìnrin yìí ní Àǹtí láìronú. Ní báyìí tí wọ́n ní kó pè é, ó rí i pé irọ́ ni.

"Ṣèyí, dá wọn lóhùn," Ìbídùn wí. "Kí lo máa ń pè mí?"

Ọmọ náà pa ẹnu mọ́. Oyèkànmí mí kanlẹ̀. Ó fa Ìbídùn dìde, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ̀gbà bu jẹ sórí tábìlì ìlọṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàbà, ó sì fi kóńdó lu ìka rẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́ bí egungun ṣe kán.

"Ta ni obìnrin yìí sí ẹ?"

Kóńdó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìbídùn bu ètè ara rẹ̀ jẹ kó má baà ké, ẹ̀jẹ̀ sì jáde níbẹ̀ náà. Ojú rẹ̀ wà lára ọmọ rẹ̀, ó ń mi orí sí i, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà kò rí ẹ̀bẹ̀. Ọwọ́ tó fọ́ ló ń wò. Ó la ẹnu.

"Ìy—"

Mọ̀ọ́mi dìde lójijì, àga sì dojú dé. Ó fi igbe bo ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọmọ lẹ́nu. "Wọ́n ní kí ló ń ṣe ẹ́, ìwọ obìnrin yìí?" Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó sì fi gbá Ìbídùn lẹ́yìn. Aṣọ rùn, lẹ́yìn náà ni ẹran ara rùn. Ìbídùn ké lẹ́ẹ̀kan yìí, igbe tí àwọn tó wà ní àjà kẹta gbọ́. "Mo gbà ọ́ sílé, mo fún ọ lóúnjẹ, ọmọ mi lo tún fẹ́ gbà mọ́ mi lọ́wọ́. O ò mọ ọmọ gbé, o ò mọ ọmọ tọ́. Gbé e fún mi."

Ó tún gbá a. Omi ń dà lójú arúgbó náà bó ti ń lù ú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró.

Ìbídùn mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti gbọ́ ọ rí. Nínú ọkọ̀ ojú omi ni, lọ́jọ́ tó bímọ, nígbà tí Mọ̀ọ́mi na ọwọ́ méjèèjì tó ní, "Gbé e fún mi, o ò mọ ọmọ gbé." Lọ́jọ́ yẹn, ó fi gbogbo ọkàn sọ ọ́, ó sì dun Ìbídùn fún ọdún púpọ̀. Lónìí, gbólóhùn kan náà ló fi ń gba ọmọ náà là, ó sì tún ń dùn ún.

Áyọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ Mọ̀ọ́mi. Ìbídùn kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó bó àti ọwọ́ tó fọ́, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀.

"Ẹ ṣeun, Mọ̀ọ́mi," ó wí.

Oyèkànmí wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ogún ọdún ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò tíì rí ẹni tí wọ́n fi iná jó tó dúpẹ́. Ó rò pé kóńdó ti kan ọpọlọ obìnrin náà ni. "Ọmọ," ó wí, ó ti rẹ̀ ẹ́, "ẹ̀ẹ̀kẹta tó kẹ́yìn. Ta ni obìnrin yìí sí ẹ?"

Ṣèyí wo Mọ̀ọ́mi tó ń sunkún. Ó wo Ìbídùn tó kúnlẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, kì í ṣe òmùgọ̀.

"Àǹtí ni," ó wí.

"A ti gbọ́," Etí dáhùn.

Irun ni wọ́n fi wọ́ Ìbídùn jáde. Ṣèyí sá tẹ̀ lé wọn dé ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, obìnrin oníbọn fi ìdí ìbọn tì í láyà, ó ṣubú, ó sì ń ké láti ilẹ̀. "Àǹtí. Àǹtí mi o. Àǹtí mi." Ó ké e títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ tán, títí ọkọ̀ wọn fi lọ, títí ohùn fi há. Etí ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò rí ohun kankan tó yẹ kó kọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, Mọ̀ọ́mi àti Ṣèyí tò sẹ́nu ọ̀nà Ilé Ẹ̀dá. Ṣèyí wọ kàbà funfun náà. Mọ̀ọ́mi ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀jẹ̀ kò lọ, àpá áyọ́ọ̀nù sì wà lápá kan. Ó fẹ́ wá òmíràn fún un, ọmọ náà kọ̀. Ìwé ìpè sọ̀rọ̀ nípa aṣọ tó rún. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀.

Níwájú wọn, ọkùnrin kan fẹ́ fi agbádá bo ọmọ kan tí kò ní ẹ̀gbà wọlé. Àwọn Agbálẹ̀ lù ú títí kò fi mira mọ́, wọ́n gbé ọmọ lọ, wọ́n sì ní kí ìlà máa lọ. Ìlà ń lọ. Àwọn èèyàn ń gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n wo iwájú.

Nínú ilé náà, wọ́n rí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé èèyàn dé òṣùpá. Wọ́n rí erin, wọ́n rí ẹja tó tóbi ju ilé wọn lọ. Apá irin ń lọ sókè sódò láàárín àwọn igi, ó ń wá àwọ̀ ewé. Ṣèyí kò béèrè nǹkan kan. Iṣu bíbọ̀ wà nínú àpò Mọ̀ọ́mi, nínú ọ̀rá tó dì pinpin kó má baà rùn. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó sì ti jóná.

Yàrá ẹyẹ ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn gíláàsì, lórí òkìtì erùpẹ̀ kékeré kan, àparò dúró. Ó ya ìyẹ́ méjèèjì, àwọn ọmọ mẹ́fà sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí orí wọn yọ síta. Mọ̀ọ́mi dúró síwájú rẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ló ti ń wù ú kó tún un rí. Ó gbé ojú kúrò, ó wo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀.

"Èyí ni ebè?" Ṣèyí bi í jẹ́jẹ́.

"Òun ni."

Ẹ̀rọ amọ̀nà sún mọ́ wọn, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbà Ṣèyí, ẹ̀gbà náà sì là, ó bọ́ sílẹ̀. "O ti wo gbogbo rẹ̀," ẹ̀rọ náà wí. "A ti kọ orúkọ rẹ sí ilé-ìwé. Kò sí ẹni tó lè pa á rẹ́ mọ́." Ṣèyí wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. Ó fi ọwọ́ kejì fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà lára kàbà rẹ̀.

"Kó o tó máa lọ," ẹ̀rọ náà wí, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wí fún gbogbo ọmọ, "ta ni ńlá yìí jẹ́ sí àwọn kékeré tó wà lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀?"

"Àǹtí wọn ni," Ṣèyí wí.

Mọ̀ọ́mi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Rárá," ẹ̀rọ náà wí. "Ìyá wọn ni."

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn," Ṣèyí dá a lóhùn.